Ìnujú Dúdú Ọ̀gá Dídán

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kó kọ́kọ́ gbé e mì ná, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lè mú kí òkèlè há èèyàn lọ́fun. Ìjọba ló fi í ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé tí wọ́n fi ń háyà nílùú. Iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é. Lọ sílé tí ayálégbé ń gbé, wo òrùlé, wo ògiri, wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí o sì sọ fún onílé pé kó tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ó parí. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣiṣẹ́ nígbà tí oyè wà nílẹ̀ tí èèyàn lè máa jẹ? Kò pẹ́ tó dé orí àga ló sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olùdarí Ògiri, Alábòójútó Òrùlé, Bàbá Gbogbo Ayálégbé àti Ọ̀rẹ́ Gbogbo Onílé. Ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Bàbá ewúrẹ́ tó tún ń bá ẹkùn ṣọ̀rẹ́!

Àwọn ará ìlú níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, wọn ò ráyè ka gbogbo ìyẹn tán. Wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Ọ̀gá Dídán, torí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ilé gbọ́dọ̀ dán. Ògiri gbọ́dọ̀ dán. Kí òrùlé máa jò, kò kàn án, bí omi tó ń jò bá ṣáà ti ń dán.

Láràárọ̀, bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á fọwọ́ bojú bí ẹni tí oòrùn ń ta sí lójú. "Yéè! Ó ti dán jù! Ọ̀gá, ẹ rọra, ojú wa ò gbà á mọ́!" Igbákejì rẹ̀ ló dá àṣà náà sílẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Èyí lè sọ "bẹ́ẹ̀ ni, sà" kí ọ̀gá tó la ẹnu. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá Dídán sín, igbákejì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ilé wò nígbà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á gbé ìnujú funfun kan tí wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dáadáa wá lórí tíréè, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọ̀gá Dídán á mú un, á fi nu férémù fèrèsé, fìì, á na ìnujú náà sókè fún gbogbo èèyàn. "Ẹ̀ ń rí i? Ó funfun ni, kò funfun?" "Ó funfun, sà!" Lẹ́yìn náà ni á wá fi ìnujú kan náà nu ẹnu rẹ̀, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ní, "Ohun tí mo bá fọwọ́ sí, mo lè fi sẹ́nu!" Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Wọ́n á kan pátákó búlúù mọ́ ilẹ̀kùn: ILÉ DÍDÁN. Ó di ilé tó kàn. Kò pẹ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ náà fi ń rìn kiri pẹ̀lú ìnujú funfun, tí wọ́n ń nu ògiri, tí wọ́n ń nu ẹnu. Ohun tí ọ̀gá bá ṣe kò ní ẹ̀gbin.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọ́ sí? Àwọn ilé àtijọ́ yẹn, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kun fèrèsé àti ilẹ̀kùn wọn láti ìgbà baba ńlá àwọn onílé. Láyé ìgbà náà, wọ́n máa ń po òjé mọ́ ọ̀dà kó lè dán, kó sì pẹ́. Òjé yẹn, májèlé ni. Bí ọ̀dà náà bá ti gbó, á máa bó bí èépá egbò, á máa di eruku, eruku á bọ́ sílẹ̀, ọmọdé á fọwọ́ kàn án, ọmọdé á fọwọ́ sẹ́nu. Ó di inú ẹ̀jẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀, ó di inú ọpọlọ. Eruku funfun nìyẹn o, aṣọ funfun ni wọ́n sì fi ń wá a! Ọ̀gá Dídán fúnra rẹ̀ kì í kúkú wo ìnujú náà. Ẹni tí gbogbo ayé ti ń sọ fún pé ó funfun, kí ló tún fẹ́ wò?

Àwọn onílé náà wá gbọ́n. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Ọ̀gá Dídán ń bọ̀, wọ́n á gba àwọn tó máa fi sáńpépà ha fèrèsé ní gbígbẹ, láì fi omi rin ín, kó lè jọ̀lọ̀. Eruku á bo ibùsùn, á bo ìkòkò, á bo orí ọmọ tó ń sùn. Wọ́n á gbá èyí tí ojú rí dànù, èyí tó kù á wà nínú kọ̀rọ̀ férémù.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé yìí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó wà létí títì, ni aránṣọ kan ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Yàrá ìsàlẹ̀, fèrèsé kan, máṣíìnì lábẹ́ fèrèsé, ọmọ lábẹ́ máṣíìnì. Òun ló máa ń rán ìnujú fún ọ́fíìsì Ọ̀gá Dídán. Àwọn ará ilé sọ ọmọ náà ní Abẹ́rẹ́, torí ó kéré, ó sì mú. Kò tíì tó ọmọ iléèwé tó ti ń ṣa bọ́tìnnì fún ìyá rẹ̀. Ìyá á ní, "Abẹ́rẹ́, bá mi mú èyí tó bá aṣọ yìí mu." Ọmọ á tẹjú mọ́ aṣọ, á tẹjú mọ́ agolo bọ́tìnnì, á fa ọ̀kan yọ, kò ní ṣì í. Àwọn oníbàárà mìíràn máa ń tìtorí rẹ̀ wá.

Ìgbà tó yá, bọ́tìnnì pupa ni ìyá ní kó mú wá, búlúù ló mú wá. Ìyá rò pé eré ló ń ṣe. Inú rírun dé, ẹkún àìnídìí dé, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀ga wá di ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tì. Aránṣọ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pe ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Òjé ló wà lára ọmọ yín, Ìyá Abẹ́rẹ́. Ṣé ọ̀dà ń bó nínú yàrá yín?"

"Ó ń bó. Òun gan-an máa ń ṣà á sẹ́nu. Ó ní ó dùn."

"Yéè! Ó máa ń dùn lóòótọ́, ìyẹn ló tún burú sí i. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, tàbí kí wọ́n bá yín ṣe ilé náà bó ṣe yẹ. Bí òjé ò bá dẹ́kun wíwọlé sí i lára, kò sí oògùn tí mo lè fún un."

"Níbo ni kí n gbé e lọ, nọ́ọ̀sì? Gbogbo ilé tí agbára wa ká, ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kùn ún."

Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó kọrí sí ọ́fíìsì.

Ká tó wọlé tẹ̀lé e, ẹ gbọ́ ìròyìn kan nípa ara Ọ̀gá Dídán. Inú ti ń run òun náà lákòókò yẹn. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ní ọgbọ́n ló pọ̀ jù níbẹ̀, tó ń wá ọ̀nà àbájáde. Ó tún ti ń gbàgbé nǹkan. Bó bá ń ka oyè rẹ̀, á dé àárín, á ní, "Èmi Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olùdarí... Olùdarí..." Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Olùdarí Olùdarí!" Bó ṣe gba oyè mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Aránṣọ tẹrí ba, ó kí i. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ mi ni. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀dà ilé wa ló ń ṣe é."

"Ọ̀dà?" Ọ̀gá Dídán wo Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. "Ọ̀dà tí èmi fúnra mi nù? Tí mo tún fi nu ẹnu?"

"Òun náà ni, sà. Wọ́n ní òjé wà nínú rẹ̀."

"Mádàámú, òjé ò lè wọ ilé tí mo ti kan pátákó mọ́. Àbí òjé ò mọ̀wé kà ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ẹ̀ ṣubú. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tó sọ ló rẹ́rìn-ín jù.

"Báwo ló ṣe wá dé inú ọmọ? Ṣé ògiri ló dìde lọ bá a níbi tó ń sùn?"

"Ó máa ń ṣa èyí tó bó sílẹ̀ sẹ́nu, sà. Ọmọdé ni."

Ọ̀gá Dídán fò dìde. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra ẹ̀! Ọmọ yìí ń jẹ ògiri! Ògiri tí mo fọwọ́ sí! Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, ẹni tó bá mú ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, kí là ń pè é?"

"Olè, sà!"

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀gá Dídán na ìka sókè, ó pàṣẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ òjé mọ́ láàárín ìlú. Ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnu nínú ilé tó bá ti ní pátákó. Ẹni tí wọ́n bá rí òjé lára rẹ̀, ó ti jí ògiri jẹ nìyẹn, kó kó jáde níbi tó bá wà. "Ìwọ ìyá olè, wàá jáde nínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí o. Mínísítà ń bọ̀ wá wo bí ìlú mi ṣe ń dán, o sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rán ìnujú fún mi."

Ẹ ò rí ìwà? Olè lọmọ rẹ, ṣùgbọ́n rán aṣọ mi ná! Aránṣọ jáde. Onílé wo ló máa gba ẹni tí ọ́fíìsì lé jáde? Kò sí. Òun àti ọmọ rẹ̀ á máa sùn létí títì, tàbí kí wọ́n lọ forí pamọ́ síbi tó burú ju ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó sunkún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì dìde.

Ilé tirẹ̀ gan-an ni wọ́n mú fún Mínísítà láti wò, torí ó wà létí títì, ọkọ̀ ńlá á ráyè dúró. Onílé kó àwọn aha-fèrèsé wá. Wọ́n ha fèrèsé, wọ́n ha ilẹ̀kùn, eruku funfun gba inú ilé kan. Nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ wà lọ́dọ̀ mi títí wọ́n á fi ṣe tiwọn tán," ó sì gbé ọmọ lọ. Aránṣọ nìkan ló kù pẹ̀lú máṣíìnì, ó fi aṣọ bo imú.

Àárín eruku yẹn ni Ọ̀gá Dídán bá a. Ó wọ kóòtù dúdú tuntun, bọ́tìnnì rẹ̀ ń tàn yanran.

"Wò ó, mi ò fẹ́ funfun mọ́. Gbogbo èèyàn ló ń lo funfun. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ń lo funfun! Àbí kí Mínísítà dé, kó má mọ ta ni ọ̀gá láàárín wa? Dúdú ni kó o rán fún mi. Sílíìkì. Kó bá kóòtù mi mu. Kó o fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ oyè mi sí i."

"Gbogbo oyè yín, sà?"

"Iye tó bá gbà."

Aránṣọ gbójú sókè. Ó wo férémù tó wà lókè orí rẹ̀, ó wo ìka ara rẹ̀ tó ti funfun bí ìka ẹni tó ń po ìyẹ̀fun. "Dúdú, sà?"

"Dúdú bí kóró iṣin!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà."

Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò bá ti bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ẹ̀ ì bá sì ti bàjẹ́. Obìnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òwú sí abẹ́rẹ́, ó rán an, kò sì tíì rán ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga. Mínísítà dé, obìnrin kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ bojú fún Ọ̀gá Dídán gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mínísítà bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ṣé ojú ń dùn wọ́n ni?"

Ọ̀gá Dídán gba gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí n tó dé, ìlú yìí ṣókùnkùn! Oòrùn á yọ, kò ní mọ ibi tó máa tàn sí! Èmi ni mo ní kí ògiri dán, ògiri sì dán! Àwọn kan ní ọmọ àwọn ń ṣàìsàn. Irọ́! Dídán ló ń ṣe wọ́n lójú! Èmi Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olùdarí... Olùdarí..."

"Olùdarí Olùdarí!" Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kígbe.

"Olùdarí Olùdarí! Màá nu fèrèsé yìí lójú gbogbo ayé!"

Tíréè dé. Ìnujú dúdú wà lórí rẹ̀, oyè tí wọ́n kọ sí i ń kọ yẹ̀rì. Ọ̀gá Dídán mú un, ó fi nu férémù láti òkè délẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì na ìnujú náà sókè láì wò ó.

"Ẹ̀ ń rí i? Ó funfun ni, kò funfun?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn, torí pé ó funfun. Ó funfun báláú! Eruku nà láti etí aṣọ kan dé èkejì, ó bo gbogbo oyè náà mọ́lẹ̀.

"Mo ní, ó funfun ni, kò funfun?"

"Ó fun... ó funfun, sà," Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ní.

"Ohun tí mo bá fọwọ́ sí, mo lè fi sẹ́nu!" Ó fi nu ẹnu, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó ṣe máa gbé ìnujú kúrò, irunmú funfun ti hù fún un.

Lẹ́yìn èrò, níbi tí nọ́ọ̀sì gbé Abẹ́rẹ́ dání sí, ni ohùn kékeré kan ti jáde.

"Màmá! Bàbá yìí náà ń jẹ ògiri!"

Ha! Ẹ̀rín tó bú lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ẹ̀ gbé àtíbàbà lọ. Àwọn onílé pàápàá rín in. Mínísítà nìkan ni kò rín. Ó dìde, ó gba ìnujú náà, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Kí ló wà lẹ́nu yín?"

"Dídán ni, mà."

"Òjé ni, mà," nọ́ọ̀sì dáhùn. Ó ti ń la èrò kọjá bọ̀ wá síwájú. "Òun ló wà lára ọmọ tí mo gbé yìí, òun ló wà lára ọ̀pọ̀ ọmọ ládùúgbò yìí. Wọ́n ní ká má dárúkọ ẹ̀ mọ́."

"Irọ́ ni! Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò! Ẹ yẹ gbogbo òṣìṣẹ́ mi wò! Ẹ̀jẹ̀ wa á dán!"

Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kó tún un sọ. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gba ti àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí èsì máa jáde, òjé inú ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá Dídán ju ti gbogbo ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò ládùúgbò lọ. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Àwọn ọmọdé ń ṣà á díẹ̀díẹ̀, òun ń fi nu ẹnu láti ilé dé ilé. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló tẹ̀lé e, bó ṣe yẹ igbákejì. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Mínísítà pè wọ́n jọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá Dídán ní kí wọ́n da èsì náà nù, pé òun kọ́ ló ni ẹ̀jẹ̀ yẹn. Mínísítà kọjú sí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. "Ẹni tí wọ́n bá rí òjé lára ẹ̀, kí lẹ ní kó ṣe?"

"Kó kó jáde níbi tó bá wà, mà."

"Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà!" Ọ̀gá Dídán pariwo. "Ṣé èmi náà lò ń wí ni?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó yọjú wo àga ńlá tó fẹ́ ṣófo. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní.

Kò kúkú dé orí àga yẹn. Àṣẹ kan náà ló gbé òun pẹ̀lú jáde. Lẹ́yìn náà ni Mínísítà fagi lé àṣẹ ọ̀hún, wọn ò sì lé aránṣọ nílé mọ́.

Wọ́n wá ṣe ilé náà bó ṣe yẹ. Wọ́n kọ́kọ́ wá ibòmíràn fún àwọn ayálégbé ná. Àwọn tó ṣiṣẹ́ bo imú bo ẹnu, wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n fi omi rin ọ̀dà náà kí wọ́n tó ha á, kó má baà di eruku, wọ́n sì fi aṣọ tútù nu gbogbo kọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Aránṣọ padà sínú yàrá rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kò dán. Ó kàn mọ́ ni.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín. Òjé tó ti wọ ọpọlọ kì í jáde bó ṣe wọlé. Ọjọ́ mìíràn wà tí Abẹ́rẹ́ á mú bọ́tìnnì tí ìyá rẹ̀ ní kó mú. Ọjọ́ mìíràn wà tí á gbé agolo dání, á dúró sáàárín yàrá, á gbàgbé ohun tó wá mú. Ìyá rẹ̀ á yíjú sí ògiri kí ọmọ má baà rí omi lójú rẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́.

Wọ́n ṣì máa ń lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ọkùnrin kan lórí bẹ́ńṣì, ó wọ kóòtù dúdú kan tí bọ́tìnnì ti já lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ bojú fún un. Nọ́ọ̀sì tuntun kan béèrè pé, "Bàbá, ta ni ká kọ?"

"Kọ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olùdarí... Olùdarí..."

Kò sẹ́ni tó bá a parí ẹ̀. Aránṣọ dá a mọ̀. Gbogbo èpè tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ tí wọ́n ti pe ọmọ rẹ̀ lólè, gbogbo ẹ̀ ló wá sí i lẹ́nu pọ̀. Kó tó la ẹnu, ọkùnrin náà ti yọ bisikíìtì kan nínú àpò, ó fẹ́ fi sẹ́nu. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ ò tíì fọwọ́."

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ọmọ yẹn, èyí nìkan ni kì í gbàgbé.

Ọkùnrin náà wò ó. Ó gbé bisikíìtì sílẹ̀, ó rọra dìde, ó lọ síbi ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́, ó padà wá. Ó wá ìnujú lápò, kò rí. Ó na ọwọ́ méjèèjì tó ń kán tótó síwájú ọmọ náà.

"Ṣé ó mọ́?"

Abẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó wo àárín ìka, ó wo abẹ́ èékánná.

"Kò tíì mọ́," ó ní. "Ẹ padà lọ."

Ọ̀gá Dídán sì padà lọ.